Wọ́n Ní Kúnmi Ń Kó Lọ

Nígbà tí Doyin dé láti kíláàsì èdè Japan tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìkàwé, ó jókòó sídìí tábìlì ìdáná, ó sì kọ orúkọ Kúnmi sórí ìwé. Àǹtí Simbiat tó ń gé ilá yọjú wò ó.

"Kúnmi wo? Nọ́ọ̀sì òdìkejì wa yìí?"

"Àǹtí, iṣẹ́ kíláàsì ni. Àwọn ará Japan kì í da ohun tí wọ́n fojú rí, ohun tí wọ́n fòye gbé, àti ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu èèyàn pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ."

"Mo gbọ́. Pẹ̀lú bí èèyàn ṣe kún àdúgbò Parkchester wa yìí tó, Kúnmi nìkan ni kíláàsì mọ̀."

Doyin kàwé rẹ̀ sókè. "Ó rí bí ẹni tó ti rẹ̀. Ó jọ pé kì í sùn dáadáa. Wọ́n ní ó ń kó lọ sí Texas." Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Má sunkún sínú ilá mi o! Ta ló sọ fún ẹ?"

"Màmá Bánjí, ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ọ̀bẹ Àǹtí Simbiat dúró.

"Àǹtí, ta ló sọ fún Màmá Bánjí?"

"Èmi ṣáà rí páálí ńláńlá níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀. Mo ní ó jọ pé ọmọ yìí fẹ́ kó lọ."

"Texas ńkọ́?"

"Màmá Bánjí ló ni Texas! Èmi ò dárúkọ ìlú kankan."

Doyin dìde, ó nu ojú, ó sì lọ pààrọ̀ aṣọ.

"O fẹ́ lọ bi í? Pẹ̀lú búláọ̀sì ọdún Kérésì?"

Doyin ti sọdá sí òdìkejì. Ó kanlẹ̀kùn. Kúnmi ṣí i, òógùn bò ó, pákó kún ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé o ń kó lọ sí Texas?"

"Èmi?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Bẹ́ẹ̀dì màmá mi tó wá nínú páálí ni mò ń tò. Wọ́n ń bọ̀ láti Ìbàdàn." Ó wo Doyin. "Ká ní mò ń lọ ńkọ́?"

"Inú mi ì bá bàjẹ́," ni Doyin sọ. Kò wá "ó jọ pé" kankan fi bo ọ̀rọ̀ náà lójú.

Lọ́tẹ̀ yìí, Kúnmi kò rẹ́rìn-ín. Ó yà kúrò lọ́nà fún un. "Wọlé wá, bá mi di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yìí mú."

Ó dì í mú. Bẹ́ẹ̀dì náà wọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kánjú tún un ṣe nínú wọn.