Ohun Tó Lé Àtàndá Kúrò Lórí Òkè Àgbálùmọ̀

Ọláfimíhàn ló ju aṣọ, Àtàndá ni wọ́n dá lẹ́bi. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an nìyẹn, ẹni tó bá sì sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, irọ́ ló pa.

Ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́rù lọ ni nígbà náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni àwọn méjèèjì, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n. Àdúgbò Òkèrèwè ni wọ́n jọ dàgbà sí, òkè kan náà ni wọ́n sì jọ ń gùn láti kékeré. Òkè Àgbálùmọ̀ lorúkọ rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé àdúgbò ló wà. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti gbẹ koríko òkè náà tán, àwọn ará àdúgbò á dá ọjọ́ kan tí wọ́n á tiná bọ̀ ọ́, kí wọ́n lè rí ọ̀yà àti òkété pa. Ṣùgbọ́n àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn òkè náà tí àwọn obìnrin máa ń sá ẹ̀lùbọ́ sí, nítorí náà iná kò gbọdọ̀ ràn kí gbogbo wọn tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹnìkan á lọ wo ẹ̀yìn òkè. Bí kò bá ti sí ẹnikẹ́ni mọ́, á dúró sí èjìká òkè, á ju aṣọ funfun sókè, á sì gba ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ro sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kejì á wà lórí òkúta kan nísàlẹ̀, òun nìkan ni ojú rẹ̀ sì tó ibẹ̀. Bó bá ti rí aṣọ, á ké, àwọn tó mú ògùṣọ̀ dání á sì ṣáná sí koríko.

Lọ́dún yẹn, Ọláfimíhàn ló lọ wo ẹ̀yìn òkè, Àtàndá ló sì ké. Ìyá Sàrátù sì wà lórí àpáta pẹ̀lú ẹ̀lùbọ́ rẹ̀.

Ọpẹ́ ni pé koríko kì í hù lórí àpáta. Obìnrin náà dojú bolẹ̀ sí àárín rẹ̀ títí iná fi kọjá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bó, ẹ̀lùbọ́ rẹ̀ sì di èédú. Nígbà tí àwọn àgbà pe ìpàdé, Àtàndá ní òun rí aṣọ kí òun tó ké. Wọ́n wo Ọláfimíhàn. Ọláfimíhàn wo ilẹ̀. Ó ní òun kò tíì ju aṣọ kankan tí òun fi gbọ́ igbe.

Ọmọ olórí ọdẹ ni Ọláfimíhàn. Ọmọ ta ni Àtàndá? Wọ́n ní Àtàndá kò ní sùúrù, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ké mọ́ láé. Òun náà bá dìde láàárín wọn, ó búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní kan òkè náà mọ́ títí Ọláfimíhàn yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́. Kò pẹ́ sígbà náà tí Ọláfimíhàn lọ kàwé ní Ìbàdàn, ó sì da ọ̀rọ̀ náà nù bí ẹni da omi ìfọwọ́ nù. Àtàndá kò da tirẹ̀ nù. Ìyá Sàrátù tiro títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò sì kí Àtàndá mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. A ti dé ọdún 1995 báyìí, Àtàndá ti di káfíńtà tí irun rẹ̀ funfun, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní ẹsẹ̀ Òkè Àgbálùmọ̀ gan-an. Kò sí káfíńtà mìíràn ní gbogbo Ifẹ̀ tó kẹ̀yìn sí títì tó kọjú sí òkè. Ojú rẹ̀ ò lè kúrò níbẹ̀ ni. Bí kùrukùru bá bo orí òkè náà láàárọ̀, á dá iṣẹ́ dúró, á máa wò ó títí á fi ká kúrò díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ìyá ń ṣí aṣọ lójú ọmọ. Bí àwòdì bá ń rábàbà lókè láì ju apá, á ní, "Wò ó, ó ń jayé." Ẹni tó bá sì fẹ́ gun òkè náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo la máa gbà?" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ló bi í bẹ́ẹ̀ nígbà kan.

"Ẹ má gba ọwọ́ ọ̀tún o, wèrèpè wà níbẹ̀, ẹ ó họra dé Lẹ́gọ̀ọ́sì. Òsì ni kí ẹ gbà. Bí ẹ bá rí igi àgbálùmọ̀ mẹ́ta, ẹ má fọwọ́ kan ti àárín, ó kan bí ọtí kíkan. Èyí tó tẹ̀ síwájú yẹn, oyin ni. Bí ẹ bá wá dé ṣóńṣó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́ ẹnu yín."

"Kí ló wà níbẹ̀ tí a máa dákẹ́ sí?"

"Ifẹ̀ ni! Inú àwo ni ìlú yìí wà, òkè ló yí i ká, bí ènìyàn bá wà nísàlẹ̀ kò lè mọ̀. Ẹ ó rí òrùlé páànù láti Ìrẹmọ títí dé ọ̀nà Mayfair, èéfín á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa gbọ́ àkùkọ ilé onílé. Atẹ́gùn á sì gba ọrùn ẹ̀wù yín wọlé, á gba apá jáde."

"Ẹ wá sìn wá lọ nígbà náà."

"Mo ń bá ẹnìkan jà lókè yẹn."

Wọ́n gbójú sókè. "Ta ni?"

"Kò sí níbẹ̀ báyìí," ni Àtàndá wí, ó sì padà sídìí pákó rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni ẹni tí kò gun òkè ṣe mọ igi tó dùn àti èyí tó kan. Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni. Bí Àtọ́kẹ́ bá gùn ún, á já ti igi kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀, á gbé e wá fún ọkọ rẹ̀. Àtàndá á dijú, á mu ún, á ní, "Ti ìyá arúgbó lèyí. Ó ti ń dàgbà, omi rẹ̀ ti ń dín kù."

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe Gálílì, ìyẹn ọjọ́ Ajé Àjíǹde tí àwọn onígbàgbọ́ máa ń jáde lọ gba atẹ́gùn lórí òkè. Àwọn mùsùlùmí àdúgbò náà kì í jókòó sílé lọ́jọ́ náà, nítorí atẹ́gùn kì í béèrè ẹ̀sìn. Àtọ́kẹ́ wá jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Bàbá Ayọ̀ọlá, orúnkún yìí ti ń bá mi ṣọ̀tá. Bóyá ni mo lè gùn ún lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ lọ́la."

"Àtọ́kẹ́, o mọ ìbúra mi."

"Ṣé kí n má mọ̀ ọ́n ni? Àwa mẹ́ta la jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi." Ó rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí ẹ ń lé mi kiri, kí lẹ sọ? Ẹ ní bí oòrùn bá ń wọ̀, tí ènìyàn jókòó sórí àpáta tó wà lẹ́yìn òkè, á dà bíi pé wọ́n da epo pupa sórí gbogbo ìlú. Ẹ ní ẹ ó mú mi jókòó síbẹ̀."

"Bí Ọláfimíhàn bá ti sọ òótọ́ ni mo wí."

"Bí kò bá wá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Á sọ ọ́. Ọlọ́run ò ní pa á kó tó sọ ọ́."

"Èmi ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run ti bá yín sọ tèmi?"

Àtàndá mú ìfági, ó ń fá pákó tó ti dán tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀nà òkè kún. Sàrátù wà lára wọn, ó gbé agbọ̀n kàjú sísun rù. Ọmọ ìyá tí iná jó yìí ti di ìyálé ilé nígbà náà, ọ̀rẹ́ Àtọ́kẹ́ sì ni. Á kí Àtàndá bí ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ ra àpótí ìjókòó, Ìrẹmọ ló ń lọ. Àtàndá mọ̀. Kò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó mọ iye àpótí tó wà nílé Sàrátù.

Ta ló tún wá ń bọ̀ lẹ́yìn wọn? Ọláfimíhàn ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti kọ́lé sí Mayfair, ó ti di alàgbà ìjọ, òun ni wọ́n sì fi ṣe olórí ìjáde lọ́dún yìí. Ó dé fìlà onígbòòrò, ó wọ kánfáàsì tuntun, ó so fèrè mọ́ ọrùn.

"Àtàndá, o kú ọdún o."

Ìṣó kún ẹnu Àtàndá. Bí kò bá tiẹ̀ kún un, kò ní dáhùn.

Àtọ́kẹ́ mú ọ̀pá, ó wé gèlè rẹ̀ le, ó wẹ̀yìn. "Mo ń lọ o, Baálé mi. Bí mi ò bá tètè sọ̀ kalẹ̀, ẹ mọ ibi tí mo wà."

"Máa lọ jàre," ni Àtàndá wí.

Gbogbo ọjọ́ náà ni òkè ń ké pè é. Ó ń gbọ́ orin wọn. Ó ń gbọ́ àwọn ọmọdé tó ń jókòó sórí ìmọ̀ ọ̀pẹ, tí wọ́n ń yọ̀ ṣọ̀ọ̀ láti orí òkúta wá sílẹ̀, tí wọ́n á pariwo, tí wọ́n á tún sáré gòkè. Òun náà ti ya ṣòkòtò lórí òkúta yẹn rí. Ìyá rẹ̀ nà án, ó sì padà lọ lọ́jọ́ kejì. Lójú irọ̀lẹ́, sánmà ṣú lápá Iléṣà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wìtìwìtì. Ọláfimíhàn fọn fèrè rẹ̀.

"Gbogbo wa ti sọ̀ kalẹ̀ tán! Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ká máa lọ ilé kí òjò tó dé."

Sàrátù ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Bàbá Ayọ̀ọlá, ṣé Ìyá Ayọ̀ọlá ti délé ni? Mi ò rí wọn lójú ọ̀nà."

Àtàndá tu ìṣó sílẹ̀. Ó rìn lọ tààrà síwájú Ọláfimíhàn, ó sì bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìpàdé ọjọ́ náà.

"Ṣé o dé ẹ̀yìn òkè?"

"Wọ́n ní kò sí ẹni..."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí wọ́n ní. Ìwọ Ọláfimíhàn, ṣé o fi ẹsẹ̀ ara rẹ dé ẹ̀yìn òkè?"

Ọláfimíhàn wo ilẹ̀, bó ti wò ó lọ́jọ́ ìpàdé.

Àtàndá kọjú sí òkè. Nígbà tó dé ibi tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ parí sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ó wo òjò tó ń ṣú. Ó rántí orúnkún Àtọ́kẹ́. Ó bú èébú kan tí kò ṣeé kọ sínú ìwé, ó bú ìbúra náà, ó bú Ọláfimíhàn, ó tún bú ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì gbé ẹsẹ̀ gòkè.

Àṣé ẹsẹ̀ kì í gbàgbé. Ó mọ òkúta tó ń mì àti èyí tí kì í mì. Igi àgbálùmọ̀ tó tẹ̀ síwájú ti dàgbà kọjá bó ṣe fi í sílẹ̀, ó sì fọwọ́ pa ìdí rẹ̀ bó ti ń kọjá, láì mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Òórùn koríko gbígbóná gba imú rẹ̀ wọlé. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá, síbẹ̀ ayọ̀ kan ń yọ́ wọ inú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń bí i nínú.

Lórí àpáta lẹ́yìn òkè ló ti rí i. Àtọ́kẹ́ na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń mu àgbálùmọ̀.

"Ẹ mà pẹ́ o," ni Àtọ́kẹ́ wí.

"Àtọ́kẹ́! Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ọ́?"

"Ara mi dá ṣáká. Orúnkún ni mo ní kó sinmi."

"O fẹ́ pa mí ni! Òjò ń bọ̀, o jókòó síbí!"

"Òjò wo? Ẹ wò ó, ó ti ń bá ti Iléṣà lọ." Ó gbá ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ lórí àpáta. "Ẹ jókòó kí ẹ tó máa bínú. Oòrùn ò ní dúró dè yín."

Àtàndá jókòó. Oòrùn ti kan orí igi lápá ìwọ̀-oòrùn. Òrùlé kan pọ́n, òmíràn pọ́n, títí gbogbo ìlú fi pọ́n bẹ̀lẹ̀jẹ̀. Àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ ń fò kọjá nísàlẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà. Àpáta náà ṣì móoru lábẹ́ wọn bí ẹ̀yìn ẹran. Àtọ́kẹ́ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbọ́ ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Sàrátù ló yọ ṣáájú, Ọláfimíhàn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kánfáàsì rẹ̀ ti pọ́n fún iyẹ̀pẹ̀.

"Alhamdulilahi," ni Sàrátù wí nígbà tó rí Àtọ́kẹ́. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo àpáta náà yíká, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ibí ni ìyá mi dojú bolẹ̀ sí."

Ọláfimíhàn ń wá ibi tí yóò gbé ojú sí, ṣùgbọ́n lórí àpáta gbalasa, kò sí ibi ìfarapamọ́ kankan.

"Àtàndá," ló wí níkẹyìn, "ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn, ọmọdé ni gbogbo wa, bí nǹkan ṣe máa ń..."

"Mi ò gbọ́," ni Àtàndá wí. Kò yíjú kúrò lára oòrùn.

"Mo ní bóyá àṣìṣe..."

"Mi ò gbọ́. Kí lo tilẹ̀ ń sọ ọ́ fún mi sí? Èmi ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Sàrátù ni kò mọ̀."

Ọláfimíhàn ṣí fìlà. Atẹ́gùn ń fẹ́ irun funfun tó kù lórí rẹ̀. Ó yíjú sí obìnrin náà.

"Sàrátù," ló wí, ohùn rẹ̀ sì le débi pé òkè kejì gbà á. "Èmi ni mo ju aṣọ. Mi ò dé ibí lọ́jọ́ náà. Ìdí àgbálùmọ̀ ni mo jókòó sí, ó rẹ̀ mí, mo rò pé kò ní sí ẹnì kankan mọ́. Mo ju aṣọ, Àtàndá rí i, ó sì ké bí a ṣe ní kó ké. Ẹ̀rù bàbá mi ló bà mí tí mo fi parọ́ mọ́ ọn níwájú àwọn àgbà. Àtàndá kò ṣẹ ìyá rẹ. Èmi ni mo sun ẹsẹ̀ ìyá rẹ."