Ihò Ara Ilẹ̀kùn Màmá

Lẹ́yìn tí Màmá ṣubú nínú yàrá tó tì pa, tó jẹ́ pé wọ́n fi agídí já ojú fèrèsé wọlé gbé e, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tú ìdè tó di kọ́kọ́rọ́ mú létí ilẹ̀kùn, ó sì fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ pátá; ihò ló kù síbẹ̀.

"Nítorí tiyín ni, Màmá."



Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń kọjá, ó rí ìyá rẹ̀ lójú ihò náà: ó fọwọ́ kan di ìró mọ́ àyà, ó ń fi èkejì ki àkísà bọ ihò. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

"Ìwọ ni? Mo ṣebí àwọn ọmọ rẹ tó ń yọjú wò mí ni."

Ojú ti ọmọ náà dé egungun. Ó lọ ha ibi tó dógùn-ún lára kọ́kọ́rọ́ náà, ó kán epo sí i títí ó fi ń yí wọ́ọ́rọ́, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ forí jì mí. Ṣé kí ọmọ kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, nítorí ìṣubú?"

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n máa kanlẹ̀kùn."

Màmá rọra tilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ wà ní ìdọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, kò lè gbójú sókè.