Ẹja Tí Ajíbádé Tú Sílẹ̀

"Irọ́ ni! Ẹja kankan ò tóbi tó yẹn láyé!"

Ajíbádé ló pariwo bẹ́ẹ̀ ní Lálúpọn, díẹ̀ ló kù kí ẹni tó wà ní Ìwó Road gbọ́. Àpèkẹ́ tó ń yan gàrí ò tiẹ̀ gbójú sókè. Fọ́tò tí Sàníù mú bọ̀ láti Èkó ló ń wò: Sàníù rèé nínú ọkọ̀ ojú omi, òun àti ẹja tó ga jù ú lọ. Ó sì ti pẹ́ tí Ajíbádé ti ń la igi ìdáná fún ọmọge yìí.

Sàníù ní, "Àwọn òyìnbó ni mo ń wa ọkọ̀ yẹn fún. Owó tí wọ́n fi ń háyà ẹ̀ lè ra gbogbo ẹ̀gẹ́ oko bàbá Ajíbádé. Wọ́n kàn fi ń pẹja ṣeré lórí òkun ni. Tí wọ́n bá ya fọ́tò tán, wọ́n á tú ẹja sílẹ̀."

Ìyá Àpèkẹ́ gbé asẹ́ sílẹ̀. "Wọ́n á ṣe kí ni? Àbí ẹja lèèwọ̀ wọn ni?"

"Rárá o, Màmá. Wọ́n ní ẹja ti ń tán lókun, kó lè ráyè bímọ ni."

"Ẹ wo ọ̀làjú!" Àpèkẹ́ rẹ́rìn-ín sí Sàníù. Ẹ̀rín yẹn kọ́ Ajíbádé láyà bí ìwọ̀.

"Àpèkẹ́, wá sódò lọ́la," ó ní. "Ẹja tèmi á gbé ti Sàníù mì!"

Lọ́jọ́ kejì, Àpèkẹ́ lọ ata sílẹ̀, ó gbé abọ́, ó tẹ̀ lé e. Ajíbádé fi ekòló sí ìwọ̀, ó jù ú sómi. Kò pẹ́, okùn le. Àrọ̀ kan ló fà jáde, ó tó apá géńdé. Lẹ́nu Ajíbádé, ó ti tó òpó iná.

"O ò rí i?"

"Mo rí i! Gbé e síbí." Àpèkẹ́ na abọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n fọ́tò Sàníù ò kúrò lójú Ajíbádé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú ẹja padà sómi. "Èmi náà lajú. Kó lọ bímọ."

Àpèkẹ́ wo abọ́ tó ṣófo. "Fọ́tò ni Sàníù fi hàn mí o. Ìwọ tẹ́ja wà lọ́wọ́ ẹ, o jù ú nù torí Sàníù. Ajíbádé, òun lò ń fẹ́ ni, àbí èmi?"

Ajíbádé fa okùn ìwọ̀ ẹ̀ mọ́ra. Ó mú ekòló mìíràn nínú agolo.

"Jókòó," ó ní. "Òmíràn lè má tóbi tó yẹn o."

Àpèkẹ́ gbé abọ́ sáàárín àwọn méjèèjì. "Èyí tó bá ti jáde la máa sè."