Ìwé Ẹ̀bẹ̀ fún Ẹ̀ka Ìsàlẹ̀

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni Tíṣà Ibídùnní ará Ìsẹ́yìn lá àlá tí mo fẹ́ rò fún yín yìí. Bó ṣe rò ó fún mi ni n ó ṣe rò ó. N kò ní fi iyọ̀ tèmi kún un.

Ọkọ rẹ̀ olóògbé ló fi igi òdòdó kékeré kan sílẹ̀ fún un, irú èyí tí wọ́n ń gbìn sínú àwo amọ̀, tí wọ́n ń rẹ́ lọ́wọ́ títí tí yóò fi gbó láì ga ju kẹ́tùlù lọ. Bọ́ńsáì ni wọ́n ń pè é. Ọdún méjìdínlógún ni ọkùnrin náà fi tọ́ ọ. Láti ìgbà tó ti kú, ó di ọdún méjì báyìí, Tíṣà kò jẹ́ kí irin kan igi náà. Ẹ̀ka òkè wá ń ṣe bó ṣe wù ú, ó ń tanná rẹpẹtẹ. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀, èyí tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ kẹ́yìn, ku ewé mẹ́rin.

Tíṣà jẹun ọ̀sán tán, oorun gbé e lọ lórí àga. Kò pẹ́, igi náà wúkọ́.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ sí ọ́fíìsì," ni ẹ̀ka ìsàlẹ̀ wí. "Ebi ń pa mí."

"Ọ́fíìsì wo?"

"Èyí tó ń fò yẹn."

Lóòótọ́, ọ́fíìsì kan ń léfòó lókè òrùlé, àwọn akọ̀wé ń gba orí àkàbà sọ̀kalẹ̀ wá ra ẹ̀pà. Tíṣà wọ bàtà, ó gbé igi rù, ó gòkè. Ohun kan ṣoṣo tó bí i nínú ni pé kò sí ibi ìdìmú lára àkàbà náà.

Ọ̀gá tó bá níbẹ̀ so táì, ó ń jẹ fáìlì.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," ó wí. "A ti gbọ́ ẹjọ́ yín. Ìjọba ti fọwọ́ sí i pé kí a fi àpò ajílẹ̀ méjì kún ti ẹ̀ka òkè."

"Ẹ̀ka òkè kọ́ lebi ń pa, ọ̀gá."

"A mọ̀. Ṣùgbọ́n òun ló mọ oúnjẹ jẹ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jẹ, tí a bá fún un, ṣé kò ní fi ṣòfò?"

Àwọn akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Ẹ̀ka òkè dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ó ní òun yóò máa rántí àwọn ará ìsàlẹ̀ nínú àdúrà, ló bá tún rú ogún ewé lójú ẹsẹ̀.

"Kí wá ni kí èyí ṣe?" Tíṣà bi í.

"Kó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, kó fi ewé mẹ́ta sí i. Kó sì yọ òdòdó kan, ká lè mọ̀ pé ebi náà dé inú."

"Ewé mẹ́rin péré ló ní!"

"Ṣé ẹ rí i? Ọ̀kan á kù."

Kí Tíṣà tó fèsì, ọ́fíìsì ti di kíláàsì. Ọkọ rẹ̀ ló jókòó síwájú, nínú yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé.

"Ibídùnní, ta ló ní kí o sọ igi mi di òrìṣà?"

"Bàbá Fọlá, mi ò lè gé ohun tí ẹ fi sílẹ̀."

"Èyí tó lágbára ni kó o gé, má ṣojo. Èyí tí kò lágbára, fi í sílẹ̀ kó yá oòrùn. Tó bá rúdí, já ìrúdí náà, kó má fi ìwọ̀nba agbára tó ní ṣe fáàrí. Igi ò kúkú mọ̀ pé mo ti kú."

Ọ̀gá dìde láti tako ọ̀rọ̀ yìí, àṣé ó ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Mèèè!" ó wí. Àwọn akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin tuntun. Tíṣà ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà kan.

Ẹ̀dà yẹn ló ń dúró gbà tó fi jí. Rédíò ló ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì: àwọn àdúgbò tí iná wọn kì í ṣẹ́jú yóò gba tiransifọ́mà kejì; kí àwọn tí kò tíì rí iná rárá ní sùúrù, kí wọ́n sì kọ̀wé.

Tíṣà pa rédíò. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ẹ̀ka òkè náà tòdòdó-tòdòdó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ṣì jókòó ti igi náà. Oòrùn wà lára ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.