Igbe Ọdúnayọ̀

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wọlé."

Ọdúnayọ̀ na apá méjèèjì, ó dí ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Osùn kún gbogbo ìka rẹ̀. Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó gbé àkàrà wá fún àwọn òṣèré, rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ ń fi pamọ́? Ṣé èmi tí mo kọ́ yín ní gbogbo orin inú eré náà lẹ óò máa sá fún?"

Ó fi èjìká rọra tì í, ó wọlé. Ó bá Wàsíù, ọmọ káfíńtà, lórí àga, ṣùgbọ́n ojú tó wà lọ́rùn rẹ̀ kì í ṣe ojú Wàsíù. Wọ́n ti po ògì mọ́ osùn, wọ́n fi rẹ́ ẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó hun jọ bí aṣọ tí a fún. Wọ́n fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n fa ètè sókè síhà imú, eyín kan sì yọ síta. Ọ̀kan nínú àwọn òṣèré ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́. Bó ti rí ẹni tó wọlé, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Àwẹ̀ró mọ ojú náà. Òun ló máa ń rí nígbàkúùgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ bu omi nínú àmù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. Ó gbé àkàrà kalẹ̀, ó jáde.

Tíṣà Ògúnlànà ló gbé eré náà dé Ọ̀jọ́. Lọ́dún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó, ó wo sinimá kan níbẹ̀: ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ bàjẹ́ ń gbé lábẹ́ ilé orin ńlá kan, ó fi ìbòjú bo ojú, ó ń kọ́ ọmọge kan lórin, títí ọjọ́ tí ọmọge náà fi ṣí ìbòjú. Ará Faransé kan ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn òyìnbó sì ti fi ṣe sinimá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tíṣà ní kí ló dé tí àwọn ènìyàn inú ìtàn náà kò fi ní í sọ Yorùbá? Ó sọ ilé orin di ààfin, ó sọ abẹ́ ilé di ihò kan létí ọ̀sà. Wàsíù ló fi ṣe ọkùnrin náà, Ọdúnayọ̀ ló fi ṣe ọmọge. Nígbà tó sì ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn òṣèré lórin, ilé Àwẹ̀ró ni gbogbo ènìyàn júwe fún un.

Láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìjànìkin, ohùn rẹ̀ kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ọmọge tó rẹwà ni tẹ́lẹ̀. Ọdún tí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni epo gbígbóná dà sí i lójú níbi tí wọ́n ti ń se epo ní Ìbà. Jímọ̀, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ogiri ló ń wò títí tó fi dìde. Lẹ́yìn náà àwọn ẹbí rẹ̀ ránṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ sí i mọ́. Ìyá wọn ti kú. Ọdúnayọ̀ kékeré nìkan ló kù nílé, Àwẹ̀ró sì tọ́ ọ dàgbà.

Bí Àwẹ̀ró ti jáde ní kíláàsì, Tíṣà sáré bá a lábẹ́ àwọn igi àgbọn.

"Ẹ má bínú, arábìnrin. Mo bi wọ́n pé ta ló mọ bí ojú tó jóná ṣe ń rí. Ọdúnayọ̀ ní òun mọ̀ ọ́n. N kò bi í níbi tó ti mọ̀ ọ́n, torí mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, Tíṣà, ẹ sì jẹ́ kó ṣe é."

Àwẹ̀ró gba ọ̀nà ilé lọ.

Nígbà tí Ọdúnayọ̀ délé, ẹ̀yìnkùlé ló ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Bí ẹ bá ní kí n má ṣe é mọ́, n kò ní í ṣe é."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Tíṣà máa ń sọ pé igbe tí o ń ké nígbà tí o bá ṣí ìbòjú, òun kò gbọ́ irú rẹ̀ nínú sinimá pàápàá. Ibo lo ti mú un?"

Ọdúnayọ̀ dorí kodò.

"Ọjọ́ tí ẹ ti ọsibítù dé, tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú yín. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Igbe náà ti dé ọ̀fun mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wá yíjú, ẹ ń wò mí, bí ẹni pé ojú mi lẹ fẹ́ fi mọ bí tiyín ti rí. Mo bá gbé e mì."

"O gbé e mì."

"Ní alaalẹ́ tí mo bá ń fi òrí pa yín lójú, mo ń gbé e mì. Nígbà tó yá, mo rò pé ó ti tán. Àfìgbà tí Tíṣà ní kí n ké."

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Jímọ̀ wo ogiri, àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n ọmọdé kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ké. Ó fi èyí gbà pé ẹnì kan wà láyé tí ojú òun kò bà lẹ́rù.

"Dìde," ó ní. "Lọ ṣe eré rẹ."

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n wá láti Ìbà, láti Okokomáíkò, láti Àjàǹgbádì. Àgbàlá ilé ìwé kún fọ́fọ́. Àwẹ̀ró jókòó níwájú pẹ̀lú àwọn àgbà. Nígbà tí Ọdúnayọ̀ ṣí ìbòjú Wàsíù, ó ké. Àwọn ìyá fa ọmọ wọn mọ́ra. Àwọn kan yíjú wo Àwẹ̀ró, wọ́n sì yára gbé ojú kúrò. Kò tẹ orí ba. Omi ń ṣàn lójú ọ̀tún rẹ̀. Ojú òsì kì í sun omi mọ́. Lẹ́yìn náà Ọdúnayọ̀ kọrin ìdágbére.

Bí eré ti parí, Tíṣà mú ọkùnrin kan wá, Ọ̀gbẹ́ni Àlàní, tó ní ẹgbẹ́ òṣèré ní Èkó.

"Mo fẹ́ kí ọmọ yìí bá wa ṣeré, ìyá," ni Àlàní wí. "Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní í lọ láìsí yín. Àyè wà fún ẹ̀yin náà."

Ọdúnayọ̀ di ìró ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Àwẹ̀ró wò ó. Ọmọ náà ń wò ó lójú tààrà, kò ṣẹ́jú, bó ti máa ń wò ó láti kékeré. Ọjọ́ yìí ni Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé iṣẹ́ ńlá ni wíwò náà.

"Bá wọn lọ. Èmi ò lọ."

"Ẹ ń bínú sí mi."

"N kò bínú, Ọdún. Èyí tí o gbé mì ti tó."

Ní ọjọ́ Ajé, ó bá a ru àpótí dé èbúté. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má máa mu omi tútù kó tó kọrin. Ọdúnayọ̀ sunkún wọ ọkọ̀. Àwẹ̀ró dúró létí omi títí ọkọ̀ fi yà sẹ́yìn àwọn igi ẹ̀gbà.

Nígbà tó délé, ó gbé omi ẹ̀bà ẹni méjì kaná bó ti máa ń ṣe. Ó wo inú ìkòkò fún ìgbà díẹ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó da ìlàjì omi náà nù, ó gbé e padà sórí iná, ó sì jókòó títí èyí tó kù fi hó.