Erùpẹ̀ Tó Ṣẹ́ Kù

"Hú u jáde! Hú ewúrẹ́ mi jáde, kí n tó ránṣẹ́ sí akódà kóòtù tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé!"

Àpèkẹ́ dúró lórí òkìtì erùpẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ta á. Fárìndé agbẹ́kànga dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Obìnrin yìí ló bí Ìbídùnní, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ta ni yóò sì fa ọmọ rẹ̀ lé olè ewúrẹ́ lọ́wọ́?

Ọ̀wẹ̀ àna ló wá ṣe lánàá. Nígbà tí kànga tó ń gbẹ́ kan àpáta, ó dá erùpẹ̀ padà sínú rẹ̀. Ihò kún dé ẹnu, erùpẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n wá ewúrẹ́ tì.

"Erùpẹ̀ tó jáde níbẹ̀ náà ló padà síbẹ̀," Àpèkẹ́ wí. "Kí ló wá gba àyè rẹ̀ nísàlẹ̀, bí kì í bá ṣe ewúrẹ́ mi?"

Ìbéèrè yìí wọ Fárìndé lọ́kàn ju ẹ̀sùn náà lọ. Òótọ́ kúkú ni. Ihò àti òkìtì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dáyé, bákan náà ni wọ́n ṣe tó. Bí wọ́n bá tún pàdé, ó yẹ kí wọ́n pa ara wọn rẹ́, kí ilẹ̀ tẹ́jú bí ẹni pé ọkọ́ ò kàn án rí.

Ó dìde. "Bí mo bá hú u tí ẹ ò bá nǹkan kan, Ìyá, ẹ ó ní mo ti gbé e sá. Ẹ fọwọ́ ara yín gbẹ́ ihò kékeré kan, kẹ́ ẹ dí i."

"Èmi! Ṣé àna tí yóò máa rán mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ fọmọ fún?"

Síbẹ̀ ó gba ọkọ́. Ó gbẹ́ ihò tí kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, ó sì dí i. Erùpẹ̀ ṣẹ́ kù. Ó wo Fárìndé bí ẹni tí wọ́n pidán lójú rẹ̀.

"Ilẹ̀ tí ọkọ́ ò tíì kàn ki pọ̀ ni," Fárìndé ṣàlàyé. "Bí a bá ti tú u, atẹ́gùn á wọ àárín rẹ̀."

Ó bomi sí ihò náà, ó fi ọmọrí odó gún un. Erùpẹ̀ rọlẹ̀. Ó kó ìyókù lé e, ó tún gún un títí òógùn fi ń kán. Ẹ̀kúnwọ́ kan ò rí àyè wọ̀.

"Èyí ńkọ́? Atẹ́gùn náà ni?"

Ì bá rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gún un, ó mọ̀ pé atẹ́gùn ti tán níbẹ̀.

"N ò mọ̀, Ìyá. Ó yẹ kó tán. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé báyìí layé ṣe bẹ̀rẹ̀: ohun gbogbo àti ohun tó ń pa á rẹ́ jọ dé, wọ́n pa ara wọn rẹ́, díẹ̀ ṣẹ́ kù, orí díẹ̀ yẹn la wá ń dáko. Ohun tó jẹ́ kó ṣẹ́ kù ni ò yé mi."

Àpèkẹ́ wò ó títí. Gbogbo olè tó ti mọ̀ rí ló máa ń ní ìdáhùn sí ohun gbogbo.

Ó yíjú sílé. "Ìbídùnní! Bu omi wá fún ọkọ rẹ, kó fi ṣan ọwọ́. Ká jọ wá ewúrẹ́ yìí lọ sọ́nà Lálùpọn kí oòrùn tó mú."