Láwàní Funfun Ìyá Ọkọ Mi

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà nílé ọkọ ní ìlú At-Bashy, "ìyàwó Turat" sì ni ìyá ọkọ mi ń pè mí láti ọjọ́ kìíní. Nígbà tí mo ta rọ́ọ̀gì tí mo fi irun àgùntàn ṣe, tí mo fi ra kámẹ́rà, orúkọ náà kò yí padà.

Turat ọkọ mi ní tirẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Fóònù wà lọ́wọ́ ẹ, o tún lọ ra ẹrù sọ́rùn."

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo sì fẹ́ mọ nǹkan kan tí kì í ṣe iṣẹ́ ilé.

Fọ́tò bàbá ọkọ mi wà lára ògiri, ti Ìyá kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá ní kí n ya òun. Ó fọ aṣọ láwàní rẹ̀, aṣọ funfun gígùn tí àwọn àgbà obìnrin wa ń wé sórí, fúnra rẹ̀, ó sá a, ó sì wé e títí ọwọ́ fi ń ro ó. Nígbà tí fọ́tò dé, láwàní náà rí bí aṣọ ìnulẹ̀.

"Ìyàwó Turat, ṣé bí mo ṣe ń fọṣọ nìyí?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Kámẹ́rà ni."

"Kámẹ́rà ló wá ń sọ aṣọ di ìdọ̀tí? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún máa wé e. Tí kò bá tún mọ́, ẹ bá mi pe oní-fọ́tò láti ìlú Naryn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Lọ́jọ́ kejì, mo kó irun àgùntàn jáde, funfun, aláwọ̀ eérú àti dúdú, mo sì sún mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan yà á, débi pé òun nìkan ló kún inú fọ́tò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde ní àwọ̀ eérú. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó gbọ́n kò mọ funfun yàtọ̀ sí dúdú, bẹ́ẹ̀ èmi ti ń ṣa irun àgùntàn láti ọmọ ọdún méje. Èmi ni màá kọ́ ọ.

Bọ́tìnnì kan wà lórí kámẹ́rà náà tó ní àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò. Mo yí i sí àròpọ̀ díẹ̀díẹ̀, fọ́tò ń mọ́lẹ̀ sí i, mò ń yà, mò ń fi fọ́tò wé irun àgùntàn tó wà níwájú mi. Tí mo bá yí i jù, fọ́nrán irun a pòórá. Mo padà sẹ́yìn díẹ̀, funfun sì di funfun.

Ní ọjọ́ Àìkú, Ìyá wé láwàní, mo sì ní kó jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Turat yọjú.

"Ṣé kí n ti máa lọ pe ará Naryn?"

"Kúrò lẹ́nu ọ̀nà, o ń dí ìmọ́lẹ̀ mi."

Ìyá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni mo ti yà á.

Nígbà tí wọ́n tẹ fọ́tò náà dé, Ìyá gbé e lọ sójú oòrùn, ó ń fi ìka tọ ìṣẹ́po láwàní náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ sí ilé Kanymbubu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ládùúgbò.

Kanymbubu wò ó títí. "Aṣọ yìí mà mọ́ o. Ará Naryn ló yà á?"

"Ará Naryn kẹ̀?" Ìyá gba fọ́tò rẹ̀ padà. "Ìyàwó mi ló yà á."

Orí mi wú. A ti délé kí n tó rántí pé ọ̀pá rẹ̀ kù sílé Kanymbubu, òun náà kò sì béèrè rẹ̀, fọ́tò ló fi ọwọ́ méjèèjì dì mú.